Àṣà, Òfin àti Ìṣèlú: Àwọn Ìbéèrè tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Nípa Dídáàbò Bo Ohun tí A Jogún

Ojú ìwé yìí wà fún àwọn tó ń béèrè ìdí tí ẹni tó kàwé, tó sì ń gbé ayé òde òní, ṣì fi ń gbèjà àṣà nígbà tí ọ̀rọ̀ òfin àti ìṣèlú bá délẹ̀. Èrò kan ṣoṣo ni gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí dúró lé: ẹni tó bá fẹ́ pa àṣà kan rẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí àṣà náà ń ṣe, kí ó fi ohun tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà hàn wá, kí àwọn tó ń gbé abẹ́ àṣà náà sì fọwọ́ sí i.

Ṣé ohun tí ẹ ń wí ni pé kí a padà sí ayé àwọn baba ńlá wa?

Rárá o. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń pa ìbejì ní ilẹ̀ yìí, tí wọ́n ń sin ènìyàn mọ́ ọba, tí wọ́n sì ń ta ọmọ ẹlòmíràn lẹ́rú. Kò sí onílàákàyè tí yóò ní kí irú rẹ̀ tún padà wá. Àwọn àgbà fúnra wọn mọ̀ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, èyí ló mú kí babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Ohun tí a ń bá jà ni ìkánjú àti ìgbéraga: kí ẹni díẹ̀ jókòó sí yàrá kan, kí wọ́n kọ òfin tí yóò tú ìgbé ayé àìmọye ìdílé ká, láìbi ìdílé kankan ní ìbéèrè. Ẹni tó bá òpó láàárín ilé yẹ kó bojú wòkè, kó wo ohun tí òpó náà gbé dúró, kó tó fà á yọ.

Ta ló wá ní ẹ̀tọ́ láti yí àṣà padà?

Àwọn tó ni ín ni. Ìdáhùn yìí kì í ṣe tiwa nìkan, nítorí ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ nínú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ ọba Yorùbá kan. Ní 1925, ìjọba amúnisìn yọ Ọba Èṣùgbàyí Eléko ti Èkó lórí oyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Kábíyèsí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ó ń pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní London. Nínú ìdájọ́ tí Lord Atkin kà ní 1931, ó ní ìfọwọ́sí àwọn ará ìlú ló ń fún àṣà ní agbára. Ilé-ẹjọ́ lè kọ àṣà tó bá burú jáì, ṣùgbọ́n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tún un rọ sí èyí tó wù ú, kó wá ní àṣà àwọn ará ìlú nìyẹn. Nínú ìdájọ́ kan náà ló ti sọ pé kò sí aláṣẹ ìjọba tó lè fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni àfi bí ó bá lè fi ìdí ẹ̀tọ́ tó ní múlẹ̀ níwájú adájọ́. Ọdún yẹn náà ni Èṣùgbàyí padà sí ààfin rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ méjì yìí kò ṣeé yà kúrò lára ara wọn. Ìjọba tí kò ka àṣà àwọn ènìyàn sí kì í pẹ́ kó tó dé orí òmìnira wọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣà ń yí padà nígbà tí àwọn tó ni ín bá ti kúrò nídìí rẹ̀, tí ọlọ́pàá kankan kò sì dá sí i. Ẹ wo ilà ojú. Nígbà tí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fi máa sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọlà sí ara ọmọ, ọ̀pọ̀ òbí ní ìlú ńlá ti jáwọ́ tipẹ́, wọ́n ti rò ó, wọ́n ti rí i pé iṣẹ́ tí ilà ń ṣe nígbà ogun àti ìkónilẹ́rú kò sí mọ́. Òfin kàn wá fọwọ́ sí ohun tí ìlú ti ṣe tán ni.

Àwọn kan ní kò sí ohun tó ń dín agbára ọba kù láyé àtijọ́. Ṣé òótọ́ ni?

Kì í ṣe òótọ́. Ní Ọ̀yọ́, Aláàfin kò lè dá ìlú ṣe. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, ìjòyè méje tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ló ń yan ọba, àwọn ló sì lè kọ̀ ọ́. Bí ọba bá ti di òǹrorò, wọn a gbé igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ránṣẹ́ sí i, ọba a sì mọ̀ pé ayé òun ti parí. Àwọn Ògbóni sì wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì náà. Bí a bá sì ń sọ òótọ́, a ó sọ ọ́ délẹ̀: ètò yìí bàjẹ́ pátápátá ní ọwọ́ Baṣọ̀run Gáà, ẹni tó fi agbára ìjòyè pa ọba lé ọba títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun rẹ̀ ní 1774. Èyí kò sọ ètò náà di asán. Ó fi hàn pé kò sí àyẹ̀wò agbára tí kò nílò ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ láti mú un ṣiṣẹ́, ìwé òfin tí a ń lò lónìí náà kò sì yọ sílẹ̀ nínú èyí.

Kí nìdí tí ẹ fi ń fi ẹjọ́ ìdí-igi àti orí-ò-jorí ṣe àpẹẹrẹ nígbà gbogbo?

Nítorí pé ẹjọ́ náà fi bí àṣà ṣe ń ronú hàn kedere. Sùbérù Dáwódù kú ní Èkó ní 1940, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, kò sì kọ ìwé ìhágún, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní wíìlì. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí wọ́n pín dúkìá rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ìdí igi ìyá kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀, ìyẹn ni ìdí-igi. Àwọn mìíràn ní ọ̀nà mẹ́sàn-án ló tọ́, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan náà, ìyẹn ni orí-ò-jorí. Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí, torí ó rí i pé òun ló bá ìgbà mu. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà yí ìdájọ́ náà padà ní 1958, Privy Council sì fọwọ́ sí ìyípadà náà ní 1962: ìdí-igi ṣì ni àṣà Yorùbá, orí-ò-jorí sì jẹ́ ọ̀nà tí olórí ẹbí lè yàn nígbà tí ìjà bá fẹ́ tú ilé ká.

Ẹni tó bá wò ó láti òkèèrè yóò ní orí-ò-jorí ló dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí ìdí-igi ń ṣe. Ó ń dáàbò bo ìyá tó bí ọmọ kan ṣoṣo nínú ilé tí orogún rẹ̀ bí mẹ́fà. Ó ń mú kó má sí obìnrin tí yóò máa bímọ kún ọmọ nítorí àtigba ìpín. Ó sì fún ọmọ ìyá kan náà ní ohun tí wọn yóò jùmọ̀ dì mú. Mo ti jókòó ní ìpàdé ogún tí ọmọ abíkẹ́yìn, tí kò tíì jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ní ìdí igi ìyá rẹ̀. Ó wọ aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wá, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, kò lanu sọ̀rọ̀. Olórí ẹbí kó ìwé ilé sórí ẹní, ó ń pe ìdí igi kọ̀ọ̀kan bí ìyá wọn ṣe wọlé, nígbà tó sì kan ọmọ náà, ó ní kó dìde kó wá gba ìwé yàrá méjì tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì ní kí ìyá rẹ̀ bá a fọwọ́ sí i. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti lówó, tó ti níṣẹ́, wò ó, wọn kò bá a jiyàn. Bí wọ́n bá ti ka orí ni, ìpín rẹ̀ ìbá máà ju igun ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ.

A mọ̀ pé olórí ẹbí lè ṣe ojúsàájú. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìdí nìyí tí ilé-ẹjọ́ fi ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá yàn jẹ.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ṣé àṣà yìí kò ń rẹ́ wọn jẹ?

Ìbéèrè tó tọ́ gan-an ni, ó sì yẹ kí a pín ìdáhùn rẹ̀ sí méjì. Ní ti ọmọbìnrin, àṣà Yorùbá kò yà á sọ́tọ̀ kúrò nínú ogún bàbá rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole, tí wọ́n gbọ́ ní Èkó ní 1908, ilé-ẹjọ́ gbà pé lẹ́yìn ikú àkọ́bí ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù, ìbáà ṣe obìnrin, ló yẹ kó gba ipò náà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń fi àṣà dẹ́rù ba arábìnrin wọn lónìí kò mọ àṣà náà rárá.

Ní ti opó, a kò ní gbèjà ohun tí kò ṣeé gbèjà. Bí ọkọ bá kú láìkọ wíìlì, àṣà kò fún ìyàwó ní ogún, ilé-ẹjọ́ sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láti 1929. Nígbà tí àṣà yìí bẹ̀rẹ̀, ìyàwó ní ogún tirẹ̀ ní ilé bàbá rẹ̀, ó ní òwò tirẹ̀, ọmọ rẹ̀ ń gba ìpín, ó sì jẹ́ ojúṣe ẹbí ọkọ láti máa tọ́jú rẹ̀. Lónìí, tọkọtaya ni wọ́n ń fi owó oṣù wọn ra ilẹ̀, obìnrin ń ra símẹ́ǹtì, ó ń san owó bíríkìlà. Ojúṣe ẹbí ọkọ ti pòórá, kìkì ìfidù ló ṣẹ́ kù. Àṣà tí apá kan rẹ̀ ti kú, tí apá tó ń pani lára sì wà láàyè, gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe. Èrò tiwa ni pé kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àwọn ìpínlẹ̀ wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé opó tó bá ọkọ rẹ̀ kọ́lé yóò máa gbé inú ilé náà títí ọjọ́ ayé rẹ̀, yálà ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ni wọ́n ṣe tàbí ti kóòtù. Ẹni tó bá fẹ́ràn àṣà ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè fún èyí, kí ó má baà jẹ́ pé àwọn tó kórìíra rẹ̀ ni yóò fi ìyà opó ṣe ẹ̀rí takò ó.

Kí ni èrò yín nípa ilẹ̀ àti Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978?

Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1912, Elésì ti Òdògbólú sọ fún wọn pé ẹbí ńlá kan ló ni ilẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láàyè, àìníye ni a kò tíì bí. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, borí ìjọba ní London lórí ilẹ̀ Àpápá. Herbert Macaulay ló bá a lọ. Ìdájọ́ 1921 náà gbà pé ẹbí àti ìlú ló ni ilẹ̀, pé ìjọba tó bá gbà á gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀, wọ́n sì san £22,500.

Ohun tí ìjọba amúnisìn kò rí gbà ní kóòtù, ìjọba ológun tiwa fi dìkíríì gbà á ní oṣù kẹta 1978. Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà gẹ́gẹ́ bí alágbàtọ́. Kò sí ẹni tó lè ta ilẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ tàbí fi í yá owó ní báńkì láìgba ìfọwọ́sí gómìnà. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ nítorí ànfààní gbogbo ènìyàn, owó ilé àti irè oko tó wà lórí rẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n san. Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ní iye. Àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ṣán igbó náà yóò gba owó kòkó, kò ní gba owó ilẹ̀ kòkó. Wọ́n tún fi òfin náà há inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, tó fi jẹ́ pé àtúnṣe rẹ̀ le ju ti òfin lásán lọ.

Wọ́n ní òfin náà yóò mú ilẹ̀ rọrùn láti rí. Ohun tí a rí ni ọmọ onílẹ̀ tó ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, tó ń gba owó ìpìlẹ̀, owó òrùlé, owó gbogbo. A kò gbèjà wọn. Olè ni wọ́n, òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2016 láti kápá wọn sì tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹbí bá mọ̀ pé ìjọba lè gba ilẹ̀ òun lọ́la láìsan iye rẹ̀, kí ni yóò mú un ṣe sùúrù kó má tà á lónìí?

Ṣé ìdána tó, àbí kí a lọ sí kóòtù?

Ìgbéyàwó ni ìdána, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà tàbí ayẹyẹ aṣọ ẹbí nìkan. Ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: ẹbí ọkọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n tún dọ̀bálẹ̀, alága ìjókòó ní òun kò tíì rí wọn dáadáa, wọ́n ka lẹ́tà, wọ́n kó iyọ̀, oyin, obì àti orógbó jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ìkọ̀ọ̀kan wúre. Nígbà tí wọ́n bá gbé owó orí kalẹ̀, ọ̀pọ̀ bàbá ìyàwó ni yóò gbé e padà lójú gbogbo ènìyàn, tí yóò sọ pé òun kò ta ọmọ, ọmọ ni òun fi fún wọn. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹbí méjì ti di ẹlẹ́rìí, bí ìjà bá dé, wọ́n mọ ẹni tí wọn yóò pè.

Ìgbéyàwó kóòtù ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń béèrè ìkéde ọjọ́ 21, ó ń fúnni ní ìwé, ó sì sọ pé ọkùnrin kan, ìyàwó kan. Òfin Ìgbéyàwó sọ pé ẹni tó bá ti ṣe é, tó tún lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní ìlànà ìbílẹ̀, lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Gbogbo wa mọ ọkùnrin tó ti ṣe bẹ́ẹ̀, a kò sì mọ èyí tó lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ohun tó ń dùn wá nìyí: òfin tí gbogbo ayé ń rú lójú ọ̀sán ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé ìbúra kò ní ìtumọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ní ìyàwó púpọ̀, àṣà àti ẹ̀sìn kan fún un láàyè. Kí ó má wá ṣe ìlérí ohun mìíràn níwájú akọ̀wé ìjọba.

Ní ti ìkọ̀sílẹ̀, a fara mọ́ ọn pé kí àwọn ẹbí kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí a kì í ti kóòtù dé ṣọ̀rẹ́. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti di lílù, ìyẹn ti kọjá ìpàdé ẹbí. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tó dáàbò bo ẹni tí wọ́n ń lù nínú ilé láti 2007. Àgbàlagbà tó bá sọ fún obìnrin tí ojú rẹ̀ wú pé kó lọ máa fara dà á ti ba ọ̀wọ̀ tí àwọn ènìyàn ní fún àgbà jẹ́.

Ṣé ó yẹ kí ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún àwọn ọba ní agbára?

Ó yẹ kó fún wọn ní àyè. Agbára ìṣàkóso kò yẹ wọ́n. Ìdí tí a fi ya méjèèjì sọ́tọ̀ wà nínú ìtàn Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn. Láti ìgbà ìwé òfin ìjọba amúnisìn ti 1951, tí wọ́n ń pè ní Macpherson, ni ẹkùn náà ti ní Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba, níbi tí àwọn ọba ti ń gbé òfin yẹ̀ wò, tí ohùn ìlú kéékèèké fi ń dé Ìbàdàn. Ìyẹn ṣiṣẹ́ dáadáa títí àwọn ológun fi gbàjọba ní 1966. Ìwé òfin 1999 kò fún ọba ní iṣẹ́ kankan, síbẹ̀ ọba ni gbogbo olóṣèlú ń sáré lọ bá nígbà tí ìdìbò bá kù díẹ̀, ọba náà sì ni ọlọ́pàá ń pè nígbà tí àwọn darandaran àti àgbẹ̀ bá fẹ́ fa ìjà. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí òfin kò dá mọ̀.

Nígbà tí wọ́n wá gbé agbára ìṣàkóso lé ọba lọ́wọ́, a rí ohun tó tẹ̀lé e. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí di gómìnà ẹkùn náà ní 1960, ọlá ńlá sì ni fún gbogbo ọmọ Oòduà. Ní oṣù karùn-ún 1962, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ 66 fọwọ́ sí lẹ́tà pé àwọn kò fẹ́ Samuel Ladoke Akíntọ́lá mọ́ gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba, gómìnà sì yọ ọ́, ó fi Alhaji Dáúdà Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé ìgbìmọ̀, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì. Ní 1963, Privy Council ní ohun tí gómìnà ṣe bá òfin mu. Kí ni àwọn olóṣèlú ṣe? Wọ́n yí ìwé òfin ẹkùn padà, wọ́n sì mú kí ìyípadà náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọjá, kí ìdájọ́ náà má baà ní ipá. Lójú tiwa, ọjọ́ tí wọ́n fi òfin tuntun pa ìdájọ́ àná ni ojú ọ̀nà ti là sí gbogbo wàhálà "wẹ́ẹ̀tì ẹ" tó tẹ̀lé e, ìjà òṣèlú tí wọ́n ti ń da epo bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé, tí wọ́n sì ń dáná sun wọ́n. Ọọ̀ni tẹ̀lé òfin, ṣùgbọ́n ìtẹ́ tó yẹ kó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn ti bọ́ sí àárín ìjà ẹgbẹ́ méjì.

Kí ni ẹ rí nínú ètò ìjọba Ìbàdàn tí ẹ fi ń yìn ín?

Ìlà méjì ló wà, ti Ọ̀tún àti ti Balógun, wọ́n sì ń jẹ Olúbàdàn ní àyípo. Ẹni tó bá di Jagun, oyè àkọ́kọ́ nínú ìlà, yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀, gbogbo ìlú sì mọ ẹni tó kàn. Kò sí ìdílé ọlọ́ba, kò sí ariwo afọbajẹ. Bí ọba bá wàjà, ìtẹ́ kì í ṣófo fún ọdún púpọ̀, bí a ti rí i ní Ọ̀yọ́ lẹ́yìn ikú Aláàfin Làmídì Adéyẹmí ní oṣù kẹrin 2022, nígbà tí wọn kò rí ẹlòmíràn yàn títí di oṣù kìíní 2025. Ní 2017, gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà dé ìjòyè àti baálẹ̀ 21 ní Ìbàdàn ládé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé-ẹjọ́ fagi lé e ní ọdún tó tẹ̀lé e, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Rashidi Ládọjà, tó gorí ìtẹ́ Olúbàdàn ní oṣù kẹsàn-án 2025, ti jẹ gómìnà rí, síbẹ̀ ó dúró de ipò rẹ̀ bí gbogbo ìjòyè. Nínú ìtàn rẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ òfin wà. Ní oṣù kìíní 2006, aṣòfin 18 nínú 32 jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn yọ ọ́ nípò gómìnà. Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ìwé òfin béèrè, wọ́n dá a padà sípò ní oṣù kejìlá. Àwọn kan ń pe irú nǹkan báyìí ní ìlànà òfo, wọ́n ní ohun tó ṣe pàtàkì ni ẹni tó ní agbára. A kò gbà. Ìlànà ni ààbò ẹni tí kò ní agbára.

Kí ni èrò yín nípa ìsìnkú àwọn ọba?

Òfin kan tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe ní 2021 gbà pé kí wọ́n sin ọba ní ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀. Awùjalẹ̀ ti Ìjẹ̀bú, Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó ti wà lórí ìtẹ́ láti 1960, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ òfin náà. Nígbà tó wàjà ní oṣù keje 2025, ìlànà Mùsùlùmí ni wọ́n fi sin ín, àwọn oníṣẹ̀ṣe sì bínú. Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún wa, nítorí ohun méjì tí a fẹ́ràn ló ń kọ lu ara wọn: ẹ̀tọ́ ènìyàn lórí ẹ̀sìn rẹ̀, àti ipò tí kì í ṣe ti ènìyàn kan. Èrò wa ni pé ọba gba ohun tó ju ilé àti adé lọ nígbà tó wọ ìpèbí, ilé tí wọ́n ti ń ṣe ètò ìwúyè fún ọba tuntun, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ ẹrù ipò náà yẹ kó sọ ọ́ kí wọ́n tó dé e ládé. Ṣùgbọ́n a fi ọ̀wọ̀ fún Ìjẹ̀bú, nítorí ilé ìgbìmọ̀ ló ṣe òfin náà, ní gbangba, tí ẹni tó bá fẹ́ sì lè bá àwọn aṣòfin rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti yí i padà. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni fi ipá gba òkú lọ́wọ́ ẹbí, tàbí kí wọ́n sé ìlú mọ́ obìnrin nítorí orò láìsí ìkìlọ̀.

Ṣé Àmọ̀tẹ́kùn wà lára ohun tí ẹ fara mọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀ṣọ́ ààbò tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá dá sílẹ̀ ni. Ní oṣù kìíní 2020, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ ní kò bófin mu. Àwọn gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò bá a pariwo lọ títí. Wọ́n padà sílé, ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ṣe òfin rẹ̀. Ọmọ ìlú tó mọ igbó, tó mọ ojú, ni wọ́n ń gbà síṣẹ́. Kí wọ́n máa ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà di ohun èlò olóṣèlú.

Ọmọ mi ní dídọ̀bálẹ̀ jẹ́ ìrẹ̀sílẹ̀. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin náà ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó jù yín lọ, àti pé òun náà yóò dàgbà. Kí ẹ sì rí i dájú pé ẹni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún jẹ́ ẹni tó máa ń dá a lóhùn, tó máa ń wúre fún un, tí kì í fi ọjọ́ orí bú u. Kò sí ohun mìíràn láti fi kún un.

Kí ni ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò lè ṣe?

Kí ẹ kọ wíìlì, kí ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní pín nínú ogún náà fọwọ́ sí i ní ojú yín, kí ẹ sì rántí pé ohun tó jẹ́ ti ẹbí kò ṣeé há fún ẹnì kan. Kí ẹ kọ àdéhùn ilẹ̀ ẹbí sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ ààlà ṣì wà láàyè. Kí ẹ mọ orúkọ ẹni tó ń ṣojú àdúgbò yín ní ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀, nítorí kò sí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè tó lè di òfin láìgba ìfọwọ́sí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Nígbà tí wọ́n bá pe ìpàdé ìtagbangba lórí àbá òfin ilẹ̀ tàbí ti ìgbéyàwó, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sí ìwé kan, ẹ mú un lọ, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbé àbá náà wá pé: bí ẹ bá gbé èyí kúrò, ta ni yóò máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní abúlé wa?